Imú Arvo àti Aṣọ Ọdẹ Janna

Kò sí ọdẹ kan tó ń fi ọrun àti ọfà dẹ igbó ní agbègbè Tamarack, lápá àríwá Michigan, tí kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Arvo Kinnunen ni wọ́n ń gbé aṣọ ọdẹ lọ kí àsìkò ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀. Arvo ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ tó ń kó gẹdú, ìjókòó ọkọ̀ náà sì ti ba orúnkún rẹ̀ ọ̀tún jẹ́ débi pé kò lè gun igi lọ jókòó lórí ẹ̀gùn mọ́ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú àtíbàbà kékeré kan ní etí igbó ló máa ń jókòó sí. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìtàn sọ. Ohun kan ṣoṣo tó mú kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún un ní àgọ́ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn sí nínú igbó lásìkò ọdẹ ni pé ó mọ aṣọ í fọ̀, imú rẹ̀ sì mú. "Imú" gan-an ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tó bá ti dẹ àgbọ̀nrín rí á mọ ìdí tí orúkọ yẹn fi níyì. O lè jókòó jẹ́ẹ́ kí aṣọ rẹ jọ ewé àti èèpo igi, kí àgbọ̀nrín máa wò ọ́ kó má rí ọ. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn ọṣẹ rẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á bá a lọ, ó sì lè pé ọjọ́ mẹ́wàá kí ọ̀kankan tó gba ọ̀nà yẹn mọ́.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì ló wà ní ilé Arvo. Èyí tó wà nínú ilé jẹ́ ti Verna ìyàwó rẹ̀. Èyí tó wà nínú ilé ọkọ̀, tó ti gbó, tí wọ́n fi wáyà so ìdérí rẹ̀, jẹ́ ti aṣọ ọdẹ nìkan. Aṣọ ilé kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Arvo á ṣa èèmọ́ ara aṣọ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, á fa síìpù rẹ̀ sókè, á yí i sódì kí àwọ̀ ewé ara rẹ̀ má baà ṣí. Omi tútù ló fi ń fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò ní òórùn, tí kò sì ní èròjà tó ń mú aṣọ funfun tàn, nítorí ohun tó dà bí aṣọ mímọ́ lójú wa lè máa tàn yanran lójú àgbọ̀nrín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára rẹ̀, á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tútù àti iyọ̀. Kì í gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, kì í sì í sá a sínú oòrùn. Abẹ́ àwọn igi firi tó wà lẹ́yìnkùlé ló ń sá a sí, níbi tí afẹ́fẹ́ á ti máa fẹ́ ẹ lábẹ́ òjìji.

Bí aṣọ bá gbẹ tán, Arvo á ti ilẹ̀kùn, á pa iná, á tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò sí i. Èyí tó bá tàn á padà sínú omi. Lẹ́yìn náà ló kan imú. Á di ojú méjèèjì, á gbé abíyá aṣọ náà sí imú, á fà á sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá ní "Ó mọ́," wọ́n á tò ó sínú àpótí rọ́bà pẹ̀lú ẹ̀ka firi tútù kí òórùn igbó lè mọ́ ọn lára, wọ́n á dé e pa, olówó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣí i títí á fi dé inú igbó.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé Arvo kò gbọ́ òórùn kankan mọ́.

Ibà kan ló fà á. Ó dá a wó lóṣù Kẹta, ọdún mẹ́ta ṣáájú ìtàn yìí, nígbà tó sì dìde, kọfí ti di omi gbígbóná lásán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní á padà. Ó dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó dúró di ìgbà tí ewé ń wọ́, kò padà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé aṣọ wá lọ́dún yẹn, ó di ojú méjèèjì bó ti máa ń ṣe, ó fa afẹ́fẹ́ sínú, kò gbọ́ nǹkan kan, ó ní, "Ó mọ́." Kò kúkú ṣòro. Aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ fọ̀ ni, ó sì mọ bó ṣe fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń wo ojú àwọn èèyàn kó tó sọ̀rọ̀. Bó bá rí ọ̀rá lára ọwọ́ aṣọ, á ní ó ń rùn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Imú kò ní í kú láéláé. Kò sọ fún Verna pàápàá.

Ọdún kẹta lẹ́yìn ibà náà ni Janna, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, fẹ́ wọ àgọ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ìlú, ojú sì máa ń tì í láti sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn púpọ̀. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń ta ọfà sára ìdì koríko lẹ́yìnkùlé Arvo. Obìnrin kankan kò tíì wọ àgọ́ náà rí. Arvo fúnra rẹ̀ ló bẹ Wes Torvinen tó ni àgọ́, ọkùnrin tí kì í dáhùn ọ̀rọ̀ kó má kọ́kọ́ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Wes dákẹ́, ó ní kò burú. Dooley Beauchamp, tó jẹ́ ẹnì kẹta wọn, ní òun náà gbà, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà mọ̀ pé òun máa ń han-run bí ọkọ̀ gẹdú.

Aṣọ ọkùnrin tó kéré jù ni Janna rà, ó sì tún ní láti ká ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó gbé e wá fún Arvo nínú ọ̀rá, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ọ́ńkù Arvo, mi ò tíì gé ìwé ara ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ máa ń gé e."

"Má ṣèyọnu," ni Arvo wí. "Tìẹ ni màá kọ́kọ́ fọ̀ lọ́dún yìí. Àlejò lo jẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe é.

Akọ àgbọ̀nrín kan wà lẹ́bàá odò nínú igbó Wes, tí ìwo rẹ̀ òsì wọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀ka tó fẹ́ ya. Gbogbo wọn ti rí i, kò sẹ́ni tó tíì sún mọ́ ọn. Ẹ̀gùn tó wà lẹ́bàá odò ni wọ́n fún Janna, ó sì fi òwúrọ̀ mẹ́rin jókòó síbẹ̀ láìrí nǹkan kan. Òwúrọ̀ karùn-ún bọ́ sí Sátidé. Nígbà tó wọlé lọ́sàn-án, ètè rẹ̀ ti funfun. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà ń jẹ páì ẹran nídìí tábìlì.

"Ó dé," ni Janna wí.

"Ta ló dé?" ni Dooley bi í.

"Oníwo wíwọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó ogún ìṣísẹ̀. Mo ti fa ọrun. Ó kàn gbé imú sókè báyìí, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọn imú, ó lọ. Abo méjì ló bá a lọ."

Wes gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. Dooley dìde, ó lọ síbi tí Janna so jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ imú bọ inú kọ́là rẹ̀. Ó yí padà, ojú rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbà mí o. Ọmọ yìí gbé ọgbà òdòdó gun igi."

"Dooley, fi ọmọ sílẹ̀," ni Wes wí.

"Kí lèmi wí? Èmi ò lẹ́nu níbẹ̀. Imú ló máa dájọ́."

Ní àgọ́ yẹn, bí ọdẹ bá ta ọfà tó tàsé, wọ́n á gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára aṣọ náà, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri lókè sítóòfù. Ohun tí àwọn baba wọn ń ṣe nìyẹn. Arvo ló fi kún un pé kí wọ́n máa gé ti ẹni tó bá gbé òórùn wọ igbó pẹ̀lú. Ó ní ẹni tó tàsé ti gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rùn ti ba igbó jẹ́ fún gbogbo èèyàn.

Janna mú jákẹ́ẹ̀tì náà wá fún un.

"Ọ́ńkù Arvo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Mi ò fi nǹkan kan kan ara."

Arvo gbà á, ó sì di ojú méjèèjì. Ó fa afẹ́fẹ́ sínú, ó dà bí ìgbà téèyàn tẹ imú mọ́ dígí fèrèsé. Ó tún fà á. Ó mọ̀ pé gbogbo wọn ń wo òun. Ìgbà yẹn ló yẹ kó sọ ọ́, àyà rẹ̀ sì sọ fún un pé ìgbà náà nìyẹn. Ó la ojú, ó rí ẹ̀rín lójú Dooley, ó rí i pé òórùn kan wà níbẹ̀ lóòótọ́ tí gbogbo ayé ń gbọ́.

"Ìpara ọwọ́ ni," ló wí.

"Mi ò pa ìpara," ni Janna wí. "Látọjọ́ Ajé, mi ò pa nǹkan kan."

"Níbi iṣẹ́ rẹ ń kọ́? Ẹ kì í fi ìpara pa àwọn arúgbó lára ni?"

"À ń pa á fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ la máa ń wọ̀."

"Ó máa ń gba inú ìbọ̀wọ́ kọjá," ni Arvo wí. Kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́.

Janna wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn. Kò jiyàn mọ́. Ẹni tó mú èèyàn wọ àgọ́ ló máa ń gé aṣọ rẹ̀, nítorí náà, Arvo ni Dooley na sísọ́ọ̀sì sí. Ọmọbìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí i, ó dúró ṣinṣin bí ọmọ tí wọ́n ń wọn aṣọ fún, Arvo sì gé e. Kò gé gún. Dooley alára kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí wọ́n ń kàn án. Janna ní wọ́n ń retí òun níbi iṣẹ́, ó di ẹrù rẹ̀, kò jẹun kó tó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Arvo délé bá Verna ní ìdí sítóòfù, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Verna gbé ṣíbí dúró.

"Òórùn òdòdó wo?"

"Òdòdó ṣáà. Dooley ló ní òdòdó."

"Ìwọ ń kọ́, kí lo gbọ́?"

"Mo ní ìpara ni."

Verna jókòó. "Arvo, èmi ni mo fà á. Nígbà tí ẹ̀rọ inú ilé bàjẹ́ lóṣù tó kọjá, mo lọ fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nínú tìẹ. Mo da omi olódòdó tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i. Ó dà jù, ó kún ojú ihò ẹ̀. Mo ní o máa gbọ́ ọ, o máa pariwo lé mi lórí, wàá fi ọtí kíkan fọ ẹ̀rọ náà ní ìgbà mẹ́ta bó o ṣe ṣe lọ́jọ́ tí mo fọ aṣọ tí ajá wa ń sùn lé nínú ẹ̀. Mo ń retí ariwo ẹ títí. O ò pariwo. Mo ní ó ti fò mí dá."

Verna ń wò ó, ojú rẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Kí ni mo ń sè?" ló bi í.

Arvo wo ìkòkò. Wọ́n ti dé e. "Ọbẹ̀ ni."

"Ọbẹ̀ kí ni?"

Ó tún wo ìdérí ìkòkò náà.

"Ẹja ni, Arvo. Gbogbo ilé ló ń rùn ún. Wọ́n á ti máa gbọ́ ọ lójú títì. Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ibà yẹn."

"Ọdún mẹ́ta? O sì ń jókòó síwájú mi, ò ń ní oúnjẹ dùn?"

"Iyọ̀ ẹ̀ ń dùn," ni Arvo wí.

Verna fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín. "Ọmọ yẹn ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Ohun tí mo dà sínú ẹ̀rọ lo torí ẹ̀ gé aṣọ ẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Arvo wí, ó sì jáde lọ sí ilé ọkọ̀.

Ó ti ìka bọ inú ihò tí wọ́n ń da omi olódòdó sí, ó bá èyí tó kù tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Aṣọ Janna tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ ló ti gba èyí tó pọ̀ jù. Ojú nìkan ì bá ti rí i, bó bá wò ó. Kò wò ó, nítorí láti ìgbà tó ti ń fi imú yẹ ẹ̀rọ náà wò, kò fi ojú yẹ ẹ́ wò rí. Ó da ọtí kíkan sí i, ó jẹ́ kó yí. Nígbà tó parí, kò mọ̀ bóyá òórùn náà ti lọ. Ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó lọ pe Verna. Verna tẹ orí bọ inú ẹ̀rọ, ó ní, "Ó kù díẹ̀." Arvo tún fọ̀ ọ́, ó tún pè é. Ìgbà kẹta ló tó ní ó ti lọ. Lójú Arvo, kò sí èébú tó lè wọni lára ju bí Verna ṣe ń nu ọwọ́ rẹ̀, tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, kò sí Imú mọ́ ní àgọ́. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, àna Dooley sì ti ń tọrọ ọ̀kan láti ọjọ́ pípẹ́. Arúgbó tí kò lè gun igi, tí kò sì gbọ́ òórùn, kí ni Wes fẹ́ fi í ṣe? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀, pé aṣọ àwọn ọkùnrin púpọ̀ ló wà lára ògiri yẹn.

Kò rọlẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ ra oúnjẹ ajá, obìnrin tó ń ta ọjà sì bi í pé, "Wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n yín fọ́n lọ́fínńdà sí gbogbo igbó Wes?"

"Ọmọ àbúrò mi ni," ni Arvo wí, ó sì bá a rẹ́rìn-ín.

Ó bá a rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà nìyẹn, ibẹ̀ ló sì ti rí ìwé kékeré kan lára pátákó tí wọ́n ń lẹ ìkéde mọ́. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà, nítorí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró lọ́tọ̀ bí ẹni pé ó ń bẹ̀rù láti kan èkejì. "Ọrun kan wà fún títà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun. Ọfà mẹ́fà. Ẹ bi Janna." Ó na ọwọ́ láti yọ ọ́ kúrò, ó tún fà á sẹ́yìn. Kò ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kàn án.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí àgọ́. Lẹ́yìn ọdẹ òwúrọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ sáúnà, ilé onígi kékeré tí wọ́n ti ń fi ooru òkúta wẹ ara mọ́. Wọ́n jókòó ní ìhòòhò lórí pákó, kálukú ń wo iwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Arvo yàn, nítorí èéfín omi kò jẹ́ kí ẹnì kan rí ojú ẹnì kejì dáadáa.

"Mi ò gbọ́ òórùn," ló wí.

"Òórùn kí ni?" ni Dooley bi í.

"Òórùn kankan."

"Ó tún ti dé. Wes, Imú ti ń bá wa ṣàwàdà."

"Mi ò ṣàwàdà. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ibà ló mú un lọ. Òórùn òdòdó yẹn, inú ẹ̀rọ mi ló ti wá. Ọmọ yẹn ò ṣe nǹkan kan. Mi ò gbọ́ ìpara kankan lára aṣọ ẹ̀. Ojú yín ni mo wò kí n tó sọ ọ́."

Wes da omi sórí òkúta, òkúta náà sì dún ṣìì.

"Dúró ná," ni Dooley wí. "Lọ́dún tó kọjá, o ní jákẹ́ẹ̀tì mi ń rùn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín."

"Mo rí ọ̀rá lára ọwọ́ ẹ̀."

"Ọ̀rá ṣéènì ayùn ni. Mo délé, mo bá ìyàwó mi jà pé ó ń dín ẹlẹ́dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ mi. Ó fi odidi ọjọ́ méjì yàn mí lódì. Arvo, ìwọ yìí náà?"

"Má bínú."

"Èmi ò bínú. Ìyàwó mi lo máa lọ bá." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀, kò sì fi ẹ̀fẹ̀ mìíràn kún un.

Wes tún da omi díẹ̀ sórí òkúta. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ọmọ yẹn ti gbọ́?"

"Rárá. Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ bá a."

"Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́."

"Mo mọ̀. Tí mo bá kọ́kọ́ sọ fún un, ó máa bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún yín. Màá sì gbà."

Wes gbé garawa sílẹ̀. Kò sọ nípa bẹ́ẹ̀dì, Arvo kò sì bi í. Ó kàn jókòó níbẹ̀, òógùn ń ro lára rẹ̀, ojú sì ń tì í ju ti ẹni tí aṣọ ja sílẹ̀ lára rẹ̀ lójú ọjà.

Ní Sọ́ńdè, ó wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó ní kí wọ́n bá òun pe Janna. Ọmọbìnrin náà jáde wá bá a níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó fi apá méjèèjì gbá àyà mú nítorí òtútù. Arvo rí i pé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ pupa, ó ti bó láàárín àwọn ìka.

"Ẹ káàsán, Ọ́ńkù Arvo. Ṣé kò sí o?"

Arvo ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n kò rántí ọ̀kan. Ó sọ ọ́ ní wúruwùru, ó sọ ti ẹ̀rọ kó tó sọ ti imú, ó sọ ti ibà kẹ́yìn. Janna gbọ́ ọ dópin.

"Ẹ̀yin wá mọ̀ pé kì í ṣe ìpara nígbà tí ẹ sọ ọ́?"

"Mi ò mọ ohun tó jẹ́."

"Ẹ sì sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́."

Janna wo ilẹ̀. "Mo gbọ́ òdòdó yẹn nígbà tí mo ṣí àpótí. Mo rò pé bí ọṣẹ yín ṣe máa ń rùn nìyẹn ni. Mo ní ta ni mo jẹ́ tí màá fi bi Imú ní ìbéèrè." Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, mò ń fọ ọwọ́. Tí àwọn ìyá arúgbó bá yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi, màá ní àbí wọ́n ń gbọ́ ọ ni. Mo rò pé ó wà lára mi, témi ò sì gbọ́ ọ."

Arvo dorí kodò. Ohun tó ti ń bẹ̀rù fún ọdún mẹ́ta, òun gan-an ló ti gbé lé ọmọ yìí lọ́wọ́. "Jọ̀ọ́, má bínú," ló wí, ọ̀rọ̀ náà sì kéré lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti sọ fún Wes àti Dooley. Mo sọ gbogbo ẹ̀."

"Kí ni Bùọ̀dá Dooley wí?"

"Ó ní kí n lọ bá ìyàwó òun."

Janna kò bi í ní ìdí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí àpótí rọ́bà wà.

"Ṣé tiyín nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Arvo gbé e sọ̀kalẹ̀. Janna ṣí i, ó ká àwọn ẹ̀ka firi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé jákẹ́ẹ̀tì náà sí imú. Kíá ló mú un kúrò.

"Kẹrosíìnì," ló wí.

"Níbo lára ẹ̀?"

"Kò síbi tí kò sí, Ọ́ńkù Arvo. Ẹ máa ń tan sítóòfù nínú àtíbàbà yín, àbí? Òórùn ajá yín náà wà lára ẹ̀. Ìgbà wo lẹ ti pa àgbọ̀nrín gbẹ̀yìn?"

Arvo rò ó. "Kí ibà tó mú mi."

"Kí lẹ wá ń sọ pé ó fà á?"

"Ìkookò."

Janna bo ẹnu pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ tó bó. Èjìká rẹ̀ mì díẹ̀, Arvo kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Nígbà tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ sílé yín ní Ọjọ́bọ̀. Tiyín, ti Bùọ̀dá Dooley, ti Bùọ̀dá Wes. Tí mo bá ṣíwọ́, màá yà. Ẹ̀yin lẹ máa fọ̀ ọ́, èmi ni màá máa gbọ́ ọ. Tí mo bá ní ó ń rùn, ẹ má bá mi jiyàn."

"Mi ò ní jiyàn."

"Tí ti Bùọ̀dá Dooley bá ń rùn, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ má ní ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ."

"Màá sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò tíì dárí jì yín o, Ọ́ńkù Arvo. Mo kàn fẹ́ padà sídìí odò yẹn ni."

"Mo gbọ́," ni Arvo wí.

Janna dá jákẹ́ẹ̀tì náà padà fún un, ó sì wọlé padà sídìí iṣẹ́. Arvo dúró síbẹ̀, ó mú aṣọ náà ní kọ́là. Òótọ́ ni pé ó mọ ohun tó wà lára rẹ̀ báyìí, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ gbé e sókè fúnra rẹ̀, ó di ojú, ó fa afẹ́fẹ́ sínú. Kò sí nǹkan kan. Nígbà tó la ojú, ó rí Janna lẹ́yìn ilẹ̀kùn dígí, tó dúró tó ń wò ó. Ara Arvo gbóná títí dé etí. Ó ká jákẹ́ẹ̀tì náà padà sínú àpótí, ó dé e, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sí.